Géèmù Onísíídì Dé Boundary

Lọ́dún 1997, géèmù oníkásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ ń sanwó gbá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Ọlálérè fi ń bọ́ ilé rẹ̀ ní àdúgbò Boundary. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Oyèwọlé, gbé géèmù onísíídì dé láti Wharf Road pé kó rà á.

"Bọ́ọ̀lù kan náà ló wà nínú méjèèjì! Ṣé kí n wá kó owó oúnjẹ ọmọ lé e ni?"

"Lérè, wò ó ná."

Ọlálérè gba síídì, ó fẹnu fẹ́ ẹ fùú bí ó ti máa ń ṣe fún kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"O ti tutọ́ sí i, ará oko! Ṣé kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn?" Oyèwọlé fi ẹ̀wù nù ún, ó tì í bọ inú ẹ̀rọ.

Lójijì, ariwo òǹwòran bọ́ọ̀lù jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n, ó gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Òjìji agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé e lórí koríko. Ọlálérè ṣí fìlà bí ẹni wọ ilé Ọlọ́run.

"Olúwa, ọgbọ́n tí O fi sínú ọmọ ènìyàn mà pọ̀ o! Oyè, èló lo pè é ná?"