Ibùsùn Ẹni Méjì

Páálí ni ògiri yàrá náà, páálí ni ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n sì fi ya fèrèsé. Inú gbọ̀ngàn òfìfo kan lẹ́yìn ọsibítù ni Káfíńtà ti tò ó, kí àwọn nọ́ọ̀sì lè dán an wò kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ǹtì. Àwọn ọmọ tuntun tí oṣù wọn kò pé ni wọ́n fẹ́ kọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ fún, kí òbí lè máa sùn ti ọmọ rẹ̀.

Ìyàwó Káfíńtà ló ya àwòrán rẹ̀. Ìyàwó kẹ̀? Oṣù mẹ́jọ rèé tó ti kó lọ sílé ìyá rẹ̀. Wọ́ọ̀dù àtijọ́ ni ọmọbìnrin wọn kú sí, níbi tí wọn kì í gbà ju òbí kan lọ. Ìyá wà nínú, bàbá ń yọjú láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá ní kí òun sáré lọ wẹ̀. Kó tó dé, ọmọ ti lọ. Obìnrin náà kò bá a jà, kò bú u. Ó kàn ń dá a lóhùn bí ẹni ń dá oníbàárà lóhùn.

Síbẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ ń jó Káfíńtà lọ́kàn bí iná. Ọjọ́ tí ọsibítù gbé iṣẹ́ páálí fún un, kò sùn. Ó ní bí àwọn bá ti jọ ń fojú kan ara àwọn lójoojúmọ́, aya òun á padà wálé.

Ibùsùn ẹni kan ló wà nínú àwòrán. Ti ẹni méjì ni Káfíńtà kàn. Kò mú téèpù. Apá rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n, bó ṣe máa ń nà án yí èjìká olólùfẹ́ rẹ̀ ká lórí ibùsùn tiwọn.

Nígbà tí Mátíróònù wọlé pẹ̀lú nọ́ọ̀sì méjì àti ayàwòrán, ìyàwó Káfíńtà, Mátíróònù bú sẹ́rìn-ín.

"Káfíńtà! Ṣé ọmọ la fẹ́ tọ́jú níbí ni, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ gbé?"

"Kí bàbá náà lè ríbi sùn ni, mà."

Ayàwòrán wo ibùsùn, ó wo ọkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ọkàn Káfíńtà yọ́ bí òrí nínú oòrùn.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dán yàrá wò. Ká ní ọmọ ò mí mọ́!" Mátíróònù pàtẹ́wọ́. "Ẹ sáré!"

Nọ́ọ̀sì kan ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ amúnimí wọlé. Ó gbá ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó fà á sẹ́yìn, ó yí i, ó tún gbá a. Èkejì há sẹ́nu ọ̀nà. Ayàwòrán ń ka ìṣẹ́jú àáyá lórí fóònù rẹ̀: ogún, ọgbọ̀n, àádọ́ta.

"Ọmọ ti kú," ni Mátíróònù wí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kò mọ etí ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ayàwòrán bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́?"

"Mo rò pé tó bá jẹ́ pé irú yàrá yìí ni wọ́n fi wá sí nígbà yẹn, àwa méjèèjì..."

"Ṣé o rò pé mi ò rò ó ni? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ya ti ẹni méjì. Tí bàbá bá dùbúlẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò ní kọjá. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wa ò tó. Kò gbà wá, Dúdú mi. Gé e."

"Ṣé wàá padà wálé?"

Ayàwòrán kúnlẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí pákó, ó sì dì í mú kó má baà mì. Káfíńtà fa ayùn. Èérún pákó ń dà sí wọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó gbọ̀n ọ́n nù.

Wọ́n tún ti kẹ̀kẹ́ wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógún.

"Ọmọ yè!" Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́.

Ayàwòrán kọ iye náà sílẹ̀, ó ká àwòrán rẹ̀, ó gbé báàgì.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Káfíńtà," ó ní, ó sì jáde.