Ewé Tí Kò Rùn Bí Aáyù

Láti ìgbà tí yìnyín ti bo òrùlé ni Mi-rang ti ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ kan náà nílé ọkọ rẹ̀: ìrẹsì, kábéèjì kíkan, àti ọbẹ̀ ewé gbígbẹ tí wọ́n fi irú sóyà sè. Bongnye, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ń sè é, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìkòkò òun. Nígbà tí yìnyín wá ń yọ́, tí ẹrẹ̀ gba ojú ọ̀nà, ọ̀fun Mi-rang kọ ọbẹ̀ náà. Ohun tútù ló ń wù ú jẹ, ohun tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Màmá, ṣé a ò lè jẹ nǹkan mìíràn?"

Bongnye kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò bá ìyàwó sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá fẹ́ kí ìyàwó ti ilẹ̀kùn, Tae-seop ọmọ rẹ̀, ọkọ Mi-rang, ni yóò rán sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó dúró tì wọ́n. Mi-rang kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ìyá ní ẹnikẹ́ni ò ṣẹ òun. Inú ilé wá tutù ju ìta lọ.

Àfi bí ìyá ṣe gbé apẹ̀rẹ̀ gun òkè lọ láàárọ̀ kan. Nígbà tó dé, ó to ewé tútù jọ sórí tábìlì, ó gbé ìrẹsì àti irú sóyà tó fi aáyù gún tì í.

"Ẹni tí ọbẹ̀ mi bá ti sú, kó wá jẹun."

Ara tu Tae-seop. Ó tẹ́ ewé sí àtẹ́lẹwọ́, ó bu ìrẹsì sí i, ó ń dì í. Mi-rang náà mú ewé kan. Ó fẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀ bí aáyù orí òkè tí wọ́n ń jẹ ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìlà jínjìn bí aṣọ tí wọ́n ká ní àkátúnká. Ó fọwọ́ ra á, ó gbé e símú. Kò rùn bí aáyù rárá.

Ó mọ ewé náà. Irú ewé yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ó gbójú sókè, ìyá sì tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú, bí ẹni tó ń dúró kó jẹun. Èrò burúkú kan sọ sí i lọ́kàn: ṣé obìnrin yìí mọ ohun tó já wálé?

Tae-seop lanu. Mi-rang gbá a lọ́wọ́, ìrẹsì fọ́n ká.

"Má jẹ ẹ́. Kì í ṣe aáyù."

Bongnye dìde. "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń já ewé yìí. Májèlé ni mo gbé fún ẹ, àbí?"

Mi-rang ò lè sọ pé rárá. Tae-seop ń gbóòórùn ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rùn bí aáyù, àwọn mìíràn ò rùn. Ojú rẹ̀ yí padà, ó na ọ̀kan sí ìyá rẹ̀. Bongnye gbé e súnmọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìgbà náà ni Mi-rang tó mọ̀ pé obìnrin náà ò ríran dáadáa. Ọwọ́ tó fi gún aáyù ló ń rùn, ohun gbogbo tó bá mú ní ń rùn bí aáyù sí i.

"Màmá, ṣé ẹ ti tọ́ ọ wò?"

Ìyá rọra gbé ewé náà sílẹ̀. "Mo jẹ ewé bíi mélòó kan nílé ìdáná."

Òógùn ti bò ó níwájú orí. Kí wọ́n tó gbé e dénú ọkọ̀, ó ti ń bì.

Tae-seop ń wa ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀, táyà ń yọ̀. Mi-rang gbé orí ìyá lé itan, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Iṣan rẹ̀ ń lù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó kó tó lù.

"Ìyàwó," ni obìnrin náà wí. "Látìgbà ìkórè lojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mo rò pé tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ ó gba ìkòkò lọ́wọ́ mi."

"Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, Màmá. Ẹ ṣáà máa mí."

Wọ́n fa omi sí i lára lọ́sibítù, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Ó di ọ̀sán kí ọkàn rẹ̀ tó lù bó ṣe yẹ. Dókítà ní kò ní í kú, àti pé ojú náà ṣeé ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Nọ́ọ̀sì wá béèrè ẹni tí yóò dúró tì í. Tae-seop fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ìyá na ọwọ́ síbi tó ti gbọ́ ohùn Mi-rang.

"Ìyàwó mi ni."

Mi-rang jókòó tì í. Èrò tó wá sí i nídìí tábìlì, pé ìyá mọ̀ọ́mọ̀ já ewé náà, ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún Tae-seop.