Ẹran Tí Kò Bèèrè Eyín

Nígbà tí Lájídé fi iṣẹ́ kúùkù inú ọkọ̀ òkun sílẹ̀ ní ọdún 1956, tó padà sí Kábà lọ́dọ̀ Adétutù ìyàwó rẹ̀, ìtàn kan ló gbà á lẹ́nu jù: ẹran tó jẹ ní Kóbè, nílẹ̀ Jàpáànù. Ọ̀gá ọkọ̀ wọn ló mú wọn lọ sí ilé oúnjẹ àwọn olówó. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó lórí ẹní, obìnrin kan sì kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ń yan ẹran pẹlẹbẹ lórí ẹyin iná. Ọ̀rá là á já bí òwú funfun nínú aṣọ pupa àwọn ará Bùnù. Lájídé ní òun kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó yọ́ lẹ́nu òun.

Màmá Sarah, ìyá Adétutù, gbọ́ ìtàn yìí títí ó fi sú u. Ó ti pẹ́ tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá pa màlúù níbi ìnáwó, omi ọbẹ̀ ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó wá kí wọn, ó ní kí àna òun fi ìtàn sílẹ̀, kó gbé ẹran náà wá.

Lájídé dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́. Ó ra ẹran lọ́jà, ó gé e, ó yan án. Màmá fi í sẹ́nu, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì rọra tu ú sọ́wọ́.

“Má bínú, àna mi,” ló wí. “Ilẹ̀ Haúsá ni màlúù yìí ti fẹsẹ̀ rìn wá, kò sì tíì dúró.”

Adétutù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dun Lájídé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ó gbọ́ pé ní Ayéwà, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ọmọ́níyì so ọ̀dọ́ abo màlúù mọ́ abẹ́ igi, èèpo iṣu àti èérí ọkà bàbà ló fi ń bọ́ ọ, torí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Lájídé lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó ta ẹran abẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn fún òun, èyí tí kì í ṣiṣẹ́ kankan lára màlúù. Lọ́jọ́ tí wọ́n pa á, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, ó sì gbé e sórí kẹ̀kẹ́ wálé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó tẹ́ ẹní sí àgbàlá, ó wọ aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, ó sì ní kí Màmá bọ́ bàtà. Ó gé ẹran náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tò ó sórí wáyà tó wà lókè iná. Ọ̀rá ń kán sínú èédú, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Iyọ̀ nìkan ló bù sí i.

Màmá fi ọ̀kan sẹ́nu, ó dijú. Ẹnu rẹ̀ lọ díẹ̀, ó gbé e mì.

“Òmíràn dà?”

Nígbà tó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó ní kí Adétutù sáré pe Ọlánípẹ̀kun, àbúrò òun, tí eyín tirẹ̀ náà ti tán. Bàbá náà dé, ó ń ráhùn pé òun kì í jẹ ohun tí kò jinná.

“Okun o, àbúrò mi,” ni Màmá fi kí i. “Bọ́ bàtà rẹ, kí o jókòó.”

Bó ti tọ́ ọ wò báyìí, ó fa ẹní rẹ̀ sún mọ́ iná. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń jà sí èyí tí etí rẹ̀ jóná díẹ̀. Lájídé ń gé, ó ń yan, Adétutù ń fẹ́ná, títí wáyà fi ṣófo.

Nígbà tí àwọn àgbà náà ti lọ, tọkọtaya náà gbé iyán àti ọbẹ̀ àná kalẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.