Mú Un Dúró Bẹ́ẹ̀

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Obìnrin tó ń gbẹ́ ọrun gbójú sókè. Ojú-Ìwọ̀n làwọn tafàtafà ń pè é, torí kò sí igi tó lè tàn án jẹ. Ọkùnrin tó kí i yìí, olólùfẹ́ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, kó tó di àfẹ́sọ́nà àbúrò rẹ̀. Ẹnu tó ń pè é ní "oyin mi" nínú yàrá iṣẹ́ yìí kan náà ló wá ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó sì tún ń dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ẹ bá mi wo ọrun mi. Ọfà ò lọ síbi tí mo bá rán an mọ́. Ọ̀la ni ìdíje, ẹni tó bá gbégbá orókè ni wọ́n á gbà síṣẹ́ olùkọ́ àwọn tafàtafà. Bàbá yín sì ti ní àwọn ò ní fọmọ fún aláìníṣẹ́."

"Ọkọ àbúrò mi, ṣé mo tó kọ̀ ọ́? Dúró síwájú ògiri funfun yẹn. Fà á dópin."

Ó fà á. Wíwò ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó Ojú-Ìwọ̀n: apá òkè ọrun náà ń tẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ti ìsàlẹ̀ le gbagidi. Ibi tó le là ń fá. Kó fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀, ó parí. Ó yẹ kó ní, "Rọra dá a padà."

"Mú un dúró bẹ́ẹ̀," ló wí. "Mi ò tíì rí i. Má sì jẹ́ kí okùn ọsán bọ́ lọ́wọ́ rẹ láìlọ́fà nínú o, ọrun á fọ́ mọ́ ọ lójú."

Ọrun tó bá pẹ́ ní fífà, agbára rẹ̀ lọ nìyẹn. Tafàtafà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní máa bá Ojú-Ìwọ̀n jiyàn?

Obìnrin náà rọra yí i ká. "Kí ni àbúrò mi fi jù mí lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, apá ń ro mí o!"

"Apá òkè ọrun àbí tìsàlẹ̀? Dáhùn ohun tí mo bi ọ́."

Òógùn bò ó. "Ara máa ń tù mí lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, ńṣe ló dà bíi pé ibi tí mo wọ́ lẹ ń wá ṣáá."

Omijé gun Ojú-Ìwọ̀n lójú, ó gbé e mì. Ó ti rò pé ọkùnrin náà á ní wọ́n tan òun ni.

"Ṣé o fẹ́ràn mi rí?"

"Mo fẹ́ràn yín gan-an, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n! Ló bá jókòó lé àpótí, ó káwọ́ gbera, ó ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà tó ń gbọ̀n rìrì, ọwọ́ tó ti nu omijé Ojú-Ìwọ̀n nù rí. Ìgbà tí eyín ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn ló tó ní kó dá a padà.

Nígbà tí Ojú-Ìwọ̀n tú ọsán kúrò, ọrun náà ò nà mọ́; ó tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. Ó wá fi sùúrù fá apá ìsàlẹ̀, ó kùn ún lóróró, ó tún ọsán so. Apá méjèèjì ń tẹ̀ pọ̀ dọ́gbadọ́gba, ó dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti lọ; ọmọdé lè fà á.

"Wọ́n ti dọ́gba," ló wí.

Tafàtafà náà fà á wò. Apá rẹ̀ ti kú, kò mọ èyí tó le yàtọ̀ sí èyí tó rọ̀ mọ́. Ó tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n wa, Ọlọ́run á fún yín ní ọkọ tiyín."

"Àmín," ni Ojú-Ìwọ̀n wí, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.