Ìbọn Tí Olúwabùsáyọ̀ Yàn

Nígbà tí ẹnu ìbọn bàbá rẹ̀ là, Olúwabùsáyọ̀ kò bara jẹ́. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì náà ti ń pa ẹran fún ìdílé wọn ní Ìyìn-Èkìtì láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń rákòrò. Ó ti sìn wọ́n tó. Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sórí àjà, ó sì lọ sọ fún Bàbá Ayọ̀rìndé, àbúrò bàbá rẹ̀ tí í ṣe olórí ọdẹ àdúgbò wọn, pé òun ń lọ ra òmíràn.

"Kò burú," ni baba náà wí. "Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ yàn án. Kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù lo ti máa yìn ín, inú igbó ni."

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni Olúwabùsáyọ̀, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó. Láti Mọ́ńdè di Fúráìdè, ìwé ni ó ń mú lọ́wọ́. Bí ó bá di Sátidé, á wọ bàtà òjò, á di inú igbó. Bàbá rẹ̀ kò bí ọkùnrin, òun ni ó fi iṣẹ́ ọdẹ lé lọ́wọ́. Lọ́dún náà, túrùkú, ìyẹn ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ti sọ oko àgbàdo àwọn ará Ìyìn di ilé oúnjẹ. Wọ́n á wọlé lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n á hú ẹ̀gẹ́, wọ́n á tẹ àgbàdo mọ́lẹ̀, wọ́n á sì padà lọ ní ìrọ̀rùn bí ẹni tó ni oko.

Nígbà tí ìwé àṣẹ ìbọn tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó pe Akínbọ́lá, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti di ọdẹ báyìí, àwọn méjèèjì sì gba ọ̀dọ̀ Mutallib, tó ń ta ìbọn ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, lọ.

Mutallib gbé ìbọn méjì sórí tábìlì. Àkọ́kọ́ ni pọ́ǹpù. Bí èèyàn bá yìn ín tán, yóò fi ọwọ́ òsì fa abẹ́ ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn kí èèpo ọta jáde, yóò sì tì í síwájú kí ọta tuntun wọlé. Èkejì ni ọtomátíìkì. Ìyẹn ń fi agbára ọta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún kó òmíràn wọlé fúnra rẹ̀. Ká ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ ni.

"Ọtomátíìkì ni kí ẹ mú, mà," ni Mutallib wí. "Iṣẹ́ ọkùnrin ni pọ́ǹpù. Bí ẹran bá yọ, obìnrin kì í rántí fà á."

"Irú rẹ̀ ni mò ń lò, mà," ni Akínbọ́lá fi kún un. "Kí ẹran tó ṣẹ́jú, mo ti yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta."

Olúwabùsáyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ tó ti ń gún iyán láti kékeré ni ẹ ń sọ pé kò ní lè fa irin?" Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó kó ọta mẹ́wàá jáde. "Irú ọta tí a ń rí rà ní Ìyìn nìyí. Òmíràn lágbára, òmíràn kò ní láárí. Ẹ jẹ́ ká fi í dán méjèèjì wò."

Mutallib gbé ìbọn méjèèjì. Ó ṣáájú wọn lọ sí ibi ìfọ́kúta tí a ti pa tì, níbi tó ti máa ń dán ìbọn wò.

Olúwabùsáyọ̀ kọ́kọ́ mú ọtomátíìkì. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbádùn rẹ̀, kò fi pamọ́. Kò gbá èjìká rẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọta dún bí ẹni wúkọ́. Èèpo rẹ̀ kò lè jáde tán, ó há sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọta yín ló ṣe é, kì í ṣe ìbọn," ni Mutallib yára sọ. "Tí ẹ bá ń fi ọta tó dáa sí i, kò ní há."

"Òótọ́ lo sọ. Ṣé mo lè rí ọta tó dáa rà nígbàkigbà tí mo bá fẹ́?"

Mutallib yọ èèpo tó há náà, ó na pọ́ǹpù sí i.

Olúwabùsáyọ̀ gbà á. Ìyẹn gbá a léjìká bí ẹni tí màlúù kàn, ṣùgbọ́n èyí tó dún kíkan àti èyí tó wúkọ́, gbogbo rẹ̀ ló jáde nígbà tó fà á. Ó fọwọ́ ra èjìká rẹ̀, ó ronú díẹ̀.

"Èjìká á jinná. Pọ́ǹpù ni mo mú."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní pálọ̀ pẹ̀lú ìbọn òfìfo. *Krá-krá, krá-krá.* Adémọ́lá, ọkọ rẹ̀, gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn. "Ìyàwó mi, ṣé ìbọn lo rà ni àbí ẹ̀rọ ìránṣọ?" Olúwabùsáyọ̀ tún fà á. Ó ń fà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ orí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, oòrùn ti yọ, ìrì ṣì wà lórí koríko. Bàbá Ayọ̀rìndé fi Akínbọ́lá síbi tí ẹran máa ń gbà jáde létí odò. Ó fi Olúwabùsáyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bó ti máa ń ṣe. Àwọn ọdẹ yòókù kó ajá wọ igbó láti òdìkejì.

Láìpẹ́, igbó mì, túrùkú márùn-ún tú jáde. Akínbọ́lá yìn, ọ̀kan ṣubú. Ó tún yìn, ìbọn wúkọ́. Èèpo há. Akọ ńlá kan tí ọta náà fara bà yí padà, ó forí lé e. Akínbọ́lá ń fa irin, irin kò gbọ́.

Olúwabùsáyọ̀ sáré bọ́ sápá ọ̀tún kí ọmọkùnrin náà má bàa wà níwájú ọta rẹ̀. Ó yìn. Ẹran náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò ṣubú. Ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́: *kẹ́*. Ọta kò dún. Kò tilẹ̀ tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi ti fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìbọn ké. Akọ túrùkú náà fi imú walẹ̀, ó sì nà gbalaja ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ẹsẹ̀ Akínbọ́lá.

Ọmọkùnrin náà jókòó sínú ìrì. "Ẹ ṣeun, mà," ni ó wí.

"Ìbọn tìrẹ náà dára," ni Olúwabùsáyọ̀ dá a lóhùn, ó fà á dìde. "Irú ọta tí ò ń fi sí i ni kí o mọ̀."

Bàbá Ayọ̀rìndé dé pẹ̀lú àwọn ọdẹ yòókù. Ó wo ẹran, ó wo èèpo ọta nílẹ̀ àti odindi èyí tí kò dún. Ó tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà odò náà.

"Ibẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń dúró," ni ó wí. "Láti òní lọ, ìwọ lo ni ín."

"Ẹ ṣé, bàbá," ni Olúwabùsáyọ̀ wí. Ó mú ọta mìíràn lápò, ó tì í bọ inú ìbọn, ó sì lọ dúró níbẹ̀, nítorí pé mẹ́ta tó sá padà ṣì kù nínú igbó.