Gbólóhùn Tí Fúnlọ́lá Kọ

Ọdún 1957 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì kan wá láti Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń lé àwọn ọmọ kúrò nílé ní Sùúrùlérè, níbi tí ìjọba kó apá kan àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó lọ lẹ́yìn tí wọ́n wó ilé wọn. Fúnlọ́lá, ọmọ Iléṣà tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wẹ́fíà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ ní Yábàá, ló ń bá wọn wọ ojúlé dé ojúlé fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó parí, ó kọ ọ́ pé: "Ilé tí ẹbí ti jìnnà sí ni ọmọ ti ń sá jù."

Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí jíjìnnà náà. Kò kọ ìyẹn. Ó rò pé ẹni tó bá kà á á mọ̀.

Lọ́dún kejì, òfin tuntun dé. Ọmọ tó bá sá nílé lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹbí bàbá rẹ̀ kò sì sí nítòsí, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ fún ọdún kan. Gbólóhùn Fúnlọ́lá ni wọ́n fi ṣe ìdí òfin náà. Orúkọ ọmọ méjìlá tí wọ́n máa kọ́kọ́ kó lọ wà nínú ìwé tó bá a wá. Ìkẹta ni Ìdíátù, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọmọ Fàsásì káfíńtà.

Fúnlọ́lá gba ilé wọn lọ. Ìlànà ọ́fíìsì ni pé kí wọ́n bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó ní kí gbogbo wọn jókòó.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí Wẹ́fíà," ni Àmúdàtù, ìyá ọmọ náà, wí. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Sọ fún bàbá ẹ pé àlejò dé."

Fàsásì jókòó síwájú rẹ̀. Tó bá na ọwọ́, á kàn án. "Sọ fún ìyá ẹ pé mo ti rí wọn."

Ìdíátù kò jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni.

"Ìdíátù, kí lò ń wá lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó?" ni Fúnlọ́lá bi í.

"Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mò ń lọ, mà. Àwọn kì í fi ọ̀rọ̀ rán mi sí ẹnikẹ́ni."

Fàsásì kọjú sí Fúnlọ́lá. "Àǹtí, níbi tá a wà tẹ́lẹ̀, ìyá mi ló ń parí ìjà wa. Tá a bá jà láàárọ̀, á ti tán kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀sẹ̀ tá a kó débí la jà. A ń retí ẹni tó máa wá parí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá."

Fúnlọ́lá wá sọ fún wọn pé Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ máa wá gbé ọmọ náà. Àtẹ ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ Àmúdàtù. "Bàbá Ìdíátù, ẹ gbọ́? Wọ́n fẹ́ gbé e lọ!"

"Mo gbọ́, Àmúdàtù." Oṣù mẹ́rìnlá ni wọn ò ti pe ara wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fúnlọ́lá gbé ìwé tuntun, tó kọ pé ẹni tó máa parí ìjà ni àwọn ilé náà ṣaláìní, lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Christopher. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kà á délẹ̀.

"Ìwọ náà lo kọ ti àkọ́kọ́. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

"Méjèèjì, sà. Wọn ò lóye ti àkọ́kọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká yọ àwọn méjìlá náà."

"Ó ti di òfin, Fúnlọ́lá. Ọmọ kan ṣoṣo ni agbára mi lè yọ. Fọwọ́ sí i pé wàá máa lọ bá àwọn òbí Ìdíátù jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ọmọ yẹn bá tún sá, iṣẹ́ ẹ ti tán nìyẹn."

Fúnlọ́lá mú gègé, kò lè kọ. Tó bá fọwọ́ sí ẹyọ kan, ó ti gbà pé kí mọ́kànlá lọ nìyẹn. Tí kò bá fọwọ́ sí i, gbogbo wọn ló máa lọ. Tó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ló máa dé ilé Fàsásì? Bí ẹran inú pàkúté, ibi tó bá fà sí ló ń fún un. Ó fọwọ́ sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, òun ni wọ́n ní kó pe orúkọ. Ọmọkùnrin kan dúró lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó wò ó. "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ wá sílé wa, tẹ́ ẹ fún mi ní bisikíìtì?"

"Èmi ni," ni Fúnlọ́lá dáhùn, ó sì pe orúkọ tó kàn.

Ìdíátù kò sá mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí Fúnlọ́lá bá débẹ̀, ó máa ń bá tọkọtaya náà lẹ́nu àríyànjiyàn, ariwo wọn á dé ojúlé kejì, ọmọ á sì jókòó síta pẹ̀lú ìwé rẹ̀ bí ẹni tọ́rọ̀ ò kàn. Lórí àwọn mọ́kànlá yòókù, Fúnlọ́lá kọ lẹ́tà mẹ́fà sí ìjọba. Èsì kan ṣoṣo ló rí gbà: wọ́n ti rí lẹ́tà rẹ̀.

Nígbà tí ọdún fẹ́ẹ́ parí, àwọn ará Ìbàdàn tún dé pẹ̀lú ìbéèrè tuntun. Fúnlọ́lá bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa fi ìdáhùn náà ṣe. Wọ́n ní ìjọba ló mọ̀. Ó gba ìwé ìbéèrè náà lọ́wọ́ wọn ṣá, ó sì mú ọ̀nà ilé àwọn mọ́kànlá náà pọ̀n.

Ní ilé àkọ́kọ́, ìyá ọmọ náà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ dí i.

"Kí lẹ tún fẹ́ kọ?" ló bi í.