Melitón Kò Lè Rìn Lọ́wọ́ Òfo

Láti ìgbà èwe ni Melitón ti ń ru ẹrù àwọn àlejò gun òkè lọ sí Machu Picchu, ìlú àtijọ́ kan ní Peru, ṣùgbọ́n ẹnubodè ni iṣẹ́ alárù ń parí sí. Kò wọ inú ìlú náà rí. Nígbà tó darúgbó, ó pinnu pé òun náà yóò wọ̀ ọ́.

"Pẹ̀lú orúnkún wo?" ni Hilaria, ìyàwó rẹ̀, bi í. "Bàbá Rufina, kọ́kọ́ gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ná. Tó o bá débẹ̀, a jọ ń lọ nìyẹn."

Melitón gbéra lọ́wọ́ òfo. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sọ́tùn-ún, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sósì, ló bá ṣubú, ó fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Ó tán!" ni Hilaria kígbe. "Àwọn lámà tó ń jẹko pàápàá ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín!"

"Ẹ̀yìn mi ló fúyẹ́ jù. Gbé àpò ọ̀dùnkún yẹn rù mí!"

Bí àpò ṣe bà á lẹ́yìn, ó gun òkè náà bí ewúrẹ́, ó ń súfèé lọ.

Hilaria ké sí i pé: "Ó dáa, a ń lọ. Ṣùgbọ́n fi ọ̀dùnkún sílẹ̀ o. Aṣọ mi, bùláńkẹ́ẹ̀tì mi àti ìkòkò mi ni wàá rù."

"Kó gbogbo ẹ̀ wá! Lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti ẹrù la jọ ń wọlé."